Bí ayàwòrán bá ní “iṣẹ́ yìí ló bá mi sọ̀rọ̀”, kí ló ń sọ gan-an?

Ní Sátidé kan báyìí, mo wà níbi tí wọ́n ti pàtẹ àwòrán ní Bódìjà. Ibẹ̀ ò tóbi, àga ò sì kárí, ọ̀pọ̀ wa la wà ní ìdúró. Wọ́n ní kí ẹni tó ya àwọn àwòrán náà wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ẹ̀. Bọ̀dá náà dìde, ó nawọ́ sí èyí tó tóbi jù nínú wọn, òrùlé lórí òrùlé, gbogbo ẹ̀ rí bíi páànù tó ti dípẹtà, ó ní, “Ìpẹtà yìí ló pè mí. Mi ò mọ nǹkan tí mo fẹ́ yà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ ló bá mi sọ̀rọ̀.” Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó jókòó. Màmá kan tó dúró sẹ́yìn mi wá rọra bi ọmọ ẹ̀ pé, “Páànù ló bá a sọ̀rọ̀? Ṣé kò rẹ ẹni yìí ṣá?”

Mi ò dá màmá yẹn lẹ́bi rárá o. Bí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, wọ́n á sọ gbólóhùn méjì tó dà bí àlá, wọ́n á dákẹ́, àwa tó kù á wá máa wo ara wa lójú. Ó sì máa ń dùn mí, torí pé nǹkan tí wọ́n ń sọ ò le tó bó ṣe ń dún létí, àti pé ilé wa níbí ni púpọ̀ nínú ẹ̀ wà, lára ohun tí à ń rí lójoojúmọ́ n'Íbàdàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí mo dàgbà sí l'Ókè-Àdó, bọ̀dá kan wà tó ń kọ sáínbọ́ọ̀dù. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tí mo bá ti ti sùkúù dé, ibẹ̀ lojú mi ti kọ́kọ́ là sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe yé mi.

Kí ni ìmísí, kí sì ni ọgbọ́n ọwọ́?

Nǹkan méjì yìí ni wọ́n máa ń pò pọ̀ mọ́ra wọn. Ìmísí, ṣọ́ọ̀ṣì ni púpọ̀ nínú wa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ayàwòrán bá ti ní òun rí ìmísí gbà, ó máa ń dà bíi pé ẹ̀mí bà lé e. Lẹ́nu oníṣẹ́ ọnà, ìmísí ò ju ohun tó mú un bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ. Ó lè jẹ́ nǹkan tó rí lójú títì, tàbí ìtàn tí ìyá ẹ̀ àgbà sọ fún un, ó sì lè jẹ́ oníbàárà tó wá bẹ iṣẹ́ tó sì sanwó àsansílẹ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ ní tiẹ̀ ni bó ṣe ṣe é: irin wo ló lò, àwọ̀ wo ló kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, kí ló ní láti gbẹ kó tó fi òmíràn lé e.

Ẹ fi wé ọbẹ̀. Pé màmá yín rántí ẹ̀gúsí tí ìyá ẹ̀ máa ń sè lábúlé, tó wá ní òun náà máa sè é lónìí, ìmísí nìyẹn. Pé ó kọ́kọ́ yọ́ epo, ó wá da ata sí i, ó jẹ́ kó yan dáadáa kó tó da ẹ̀gúsí sí i, ọgbọ́n ọwọ́ nìyẹn. Tí ẹ bá bi í pé báwo lẹ ṣe sè é, tó wá ń sọ ìtàn ìyá ẹ̀ fún yín, inú yín lè dùn sí ìtàn yẹn o, àmọ́ ẹ ò tíì mọ ọbẹ̀ yẹn-ín sè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà nìyẹn. Àwa ń retí bó ṣe ṣe é, òun ń sọ ohun tó mú un ṣe é.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ méjì kan tí mo fẹ́ràn gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí, ojú inú àti ojú ọnà. Ojú inú ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń rí ère nínú ìtì igi kó tó gbé àáké rárá. Ojú ọnà ni èyí tó ń sọ fún un pé ibí yìí ti pọ̀ jù, ibí yìí ṣì kù díẹ̀. Télọ̀ tó bá ní ojú ọnà, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé bọ́tìnnì yẹn ò bá aṣọ yẹn mu, á ti yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó dé.

Ṣé ẹ̀mí ló ń gbé wọn ni?

Ẹ gun Òkè Ààrẹ lọ lọ́jọ́ kan tí ojú ọjọ́ mọ́, ẹ wọ inú ilé ìṣọ́ Bower tí wọ́n kọ́ ní 1936, kẹ́ ẹ gun àtẹ̀gùn ẹ̀ tó ń yí po dókè, kẹ́ ẹ wá wo ìsàlẹ̀. Páànù lẹ máa rí, láti ibí títí dé ibi tójú ò tó mọ́. Ẹni tó ń kọjá lọ á ní páànù àtijọ́ ni, ó dípẹtà, ó parí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dúró díẹ̀, ẹ máa rí i pé ìpẹtà yẹn ò dọ́gba. Òmíì dà bí epo pupa tó dì láàárọ̀ ọyẹ́, òmíì dà bí àmàlà, òmíì pọ́n bíi gààrí alépo, ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ wá ń tàn yinrin láàárín wọn. Tí òòrùn bá ń wọ̀, gbogbo ẹ̀ á tún yí padà. Ayàwòrán lẹni tó dúró síbẹ̀ tí kò lè gbójú kúrò níbẹ̀ mọ́. Tó bá ní “ìpẹtà ló pè mí”, ohun tó ń sọ ò ju pé “mo rí i, mi ò sì lè gbàgbé ẹ̀” lọ.

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ti ṣe irú ẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, gbogbo ìlú ló ń wo àwọn òpó gbàgìgbàgì tó gbé iwájú ẹ̀ dúró. Àwọn aládìrẹ wò ó tiwọn, wọ́n mú òpó yẹn nìkan, wọ́n tò ó sórí aṣọ, wọ́n wá fi àwòrán ṣíbí há àárín wọn. Àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ìyá yín àgbà ní in nínú àpótí. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn ò ya gbogbo Mápó o. Nínú ohun tí gbogbo ayé ń wò, ẹyọ kan ni wọ́n mú.

Tàbí ká mú Jimoh Buraimoh. Iná tíátà Dúró Ládiípọ̀ ló ń bójú tó l'Óṣogbo láyé ìjọ́un, ní àwọn ọdún 1960. Ilẹ̀kẹ̀ tó wà lára adé ọba ló gbà á lọ́kàn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi gọ́ọ̀mù lẹ ilẹ̀kẹ̀ mọ́ ojú pákó, ó ń fi wọ́n yàwòrán bí ẹlòmíì ṣe ń fi pẹ́ǹtì yà á. Tẹ́ ẹ bá bi í ní ìmísí, adé ni. Tẹ́ ẹ bá bi í ní ọgbọ́n ọwọ́, gọ́ọ̀mù àti ilẹ̀kẹ̀ ni. Ìdáhùn méjì, iṣẹ́ kan.

Twins Seven-Seven, tí orúkọ ẹ̀ gan-an ń jẹ́ Táíwò Ọláníyì, tó kú síbí n'Íbàdàn ní 2011, òun ní tiẹ̀, inú ìtàn ló ń gbé. Iwin ló kún inú àwòrán ẹ̀, ẹranko tó lójú èèyàn, ẹja tó gbé ìlú sínú. Orúkọ tó ń jẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ ìtàn ni, ó ní ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá òun bí ìbejì, òun nìkan ló sì dúró. Ọwọ́ ẹ̀ wá bá ìtàn yẹn mu: ìlà tínrín-tínrín, ìlà lórí ìlà, kò sí ibì kankan tó fi sílẹ̀ lófìfo, bí igbó tí ẹ ò lè rí òpin ẹ̀.

Ẹlòmíì, oníbàárà ni ìmísí ẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọba ló bẹ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ lọ́wẹ̀ fún ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ fi han ayé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, àwọn òyìnbó ò sì fẹ́ dá a padà mọ́, ni wọ́n bá fi ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún gbà á lọ́wọ́ Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ó ṣì wà ní British Museum dòní. Òyìnbó tó wá kí ọba wà lára ìlẹ̀kùn yẹn, wọ́n gbé e lọ́wọ́ bọ̀, àwọn ère náà sì yọ síta débi pé ẹ máa rò pé wọ́n fẹ́ jáde kúrò lára pákó. Iṣẹ́ àbẹ̀ṣe nìyẹn o.

Kí ló dé tí Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ère ṣíṣe?

Torí pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Igi, à ń gbẹ́ ẹ. Amọ̀, à ń mọ ọ́n. Idẹ, à ń dà á. Páànù, à ń lù ú. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá iṣẹ́ kan mu, ẹ ti mọ ìdajì ohun tí ẹni tó ṣe é máa sọ.

Gbígbẹ́, yíyọ kúrò ni. Ẹ ronú sí onígbàjámọ̀: irun tó bá ti gé, ó ti gé e náà nìyẹn, kò sí bó ṣe fẹ́ lẹ̀ ẹ́ padà. Ìdí nìyẹn tí gbẹ́nàgbẹ́nà ò fi ń sáré. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ní, orúkọ kálukú sì wà lédè wa. Ọnà lílé ló ń bẹ̀rẹ̀, àáké ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á kàn fi gé ìtì náà sí orí, àyà, ẹsẹ̀, wúruwùru, ẹ ò tíì ní mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Tó bá kan alétúnlé, irin á kéré sí i, etí á yọ, apá á ya ara ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ikùn. Dídán ni ìkẹta, ọ̀bẹ ló ń ṣe ìyẹn, gbogbo ojú àáké á parẹ́. Fínfín ló gbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ìlà ojú, irun orí àti ọnà ara aṣọ ti ń wọlé, ọwọ́ ọ̀gá ló sì máa ń wà níbẹ̀ jù, torí àṣìṣe kékeré níbẹ̀ ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Wọn kì í yà á sórí bébà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ojú inú ni bébà wọn.

Igi tútù ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́, torí ó rọ̀, àmọ́ tí wọ́n bá gbé e sóòrùn á là. Igi náà tún ní ojú, ibi tí ẹ̀ka ti jáde nígbà ayé ẹ̀, ibẹ̀ máa ń le bí òkúta. Tí irin bá kan ojú igi níbi tí o fẹ́ fi imú sí, o máa yí imú yẹn kúrò níbẹ̀ ni. Tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá wá sọ pé “igi ló sọ fún mi”, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nìyẹn gan-an.

Lamidi Fakeye ló jẹ́ kí ìyàtọ̀ ìmísí àti ọgbọ́n ọwọ́ yé mi jù lọ. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n ti bí i n'Ílá Ọ̀ràngún, ní 1928. Síbẹ̀ ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Báńdélé, ọmọ Arẹ́ògún, l'Ọ́yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fádà Kevin Carroll dá iléeṣẹ́ ọnà sílẹ̀ sí. Ìtàn Bíbélì ni wọ́n ń bẹ̀ wọ́n láti gbẹ́ níbẹ̀. Màríà wá dà bí ìyá Yorùbá, àwọn amòye tó wá kí Jésù dé adé bí ọba wa. Ìmísí ti yí padà pátápátá, láti orí òrìṣà bọ́ sórí Bíbélì, àmọ́ ọnà lílé ṣì ni ọnà lílé, fínfín ṣì ni fínfín, ọwọ́ ò yí padà.

Mímọ ní tiẹ̀, fífi kún un ni. Tí imú bá kéré jù, ẹ fi amọ̀ sí i. Iná lọ̀tá ẹ̀. Amọ̀ tó bá nípọn tí omi ṣì wà nínú ẹ̀, tó bá dénú iná, á bẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ro inú ère amọ̀ kó ṣófo bí ìkòkò. Demas Nwoko, tí iléeṣẹ́ ẹ̀ wà ní Mókọ́lá níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún, padà sídìí amọ̀ yìí ní àwọn ọdún 1960, ojú àwọn ère amọ̀ àtijọ́ ti Nok lókè ọya àti ti Ifẹ̀ ló wò ṣe tiẹ̀. Òun kan náà ló yàwòrán ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican tó wà ní Sámọ́ńdà, tẹ́ ẹ bá ti kọjá lọ́nà yẹn ẹ ti rí i. Nínú ilé kíkọ́ náà, ó máa ń po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì, ojú kan náà tó fi ń wo ère ló fi ń wo ilé. Ní 2023 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice, fún gbogbo iṣẹ́ ayé ẹ̀.

Dídà ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Ẹ ronú sí agolo mọ́ín-mọ́ín. Ẹ̀wà lílọ̀ ò ní ìrísí tiẹ̀, agolo ló fún un nírìísí. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́, nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, ní láti kọ́kọ́ ṣe agolo yẹn fúnra wọn. Wọ́n á fi amọ̀ mọ orí náà, á kéré díẹ̀ sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Wọ́n á fi ìda oyin bo amọ̀ yẹn ní tínrín, ara ìda yìí ni wọ́n ti máa ṣe ojú, imú, ètè, títí dé ìlà ojú. Wọ́n á wá fi amọ̀ míì bo gbogbo ẹ̀, wọ́n á fi ihò sílẹ̀. Tó bá dénú iná, ìda á yọ́, á gba ihò jáde, àyè tínrín á ṣẹ́ kù láàárín amọ̀ méjèèjì. Inú àyè yẹn ni wọ́n máa da idẹ tó ti yọ́ sí. Tó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ ìta, orí á jáde. Agolo yẹn ti fọ́ nìyẹn, ẹ ò lè fi da ìkejì, torí náà kò sí orí méjì tó jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníje n'Ífẹ̀ ní 1938 ló kan púpọ̀ nínú wọn.

Lílù, ẹ wo Àṣírù Ọlátúndé l'Óṣogbo. Alágbẹ̀dẹ ni. Ó fi òòlù lu bàbà, nígbà tó yá ó bọ́ sórí álúmíníọ̀mù, ó ń lù ú díẹ̀díẹ̀ títí igi, ẹyẹ àti èèyàn fi yọ jáde lójú páànù. Irin tó ń lò nídìí arọ́ náà ló gbé wá sídìí ọnà.

Kí ló dé tí orí ère fi máa ń tóbi ju ara lọ?

Tí ẹnì kan bá ti gbé fótò ère sórí Facebook báyìí, ẹ̀ẹ́ rí i nísàlẹ̀: “wọn ò mọ̀ ọ́n gbẹ́, ẹ wo orí.” Èèyàn tó dàgbà, tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, orí ẹ̀ á wọnú gígùn yẹn tó ìgbà méje tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ère Yorùbá àtijọ́, orí máa ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin, nígbà míì ìdá kan nínú mẹ́ta. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Orí lèèyàn kúnlẹ̀ yàn kó tó wáyé, orí ló ń gbeni, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ fún un láyè kékeré? Níbi fótò ìgbéyàwó, àárín gbùngbùn la máa ń gbé ìyàwó àti ọkọ sí, kò sẹ́ni tó máa ní a ò mọ fótò ó yà.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà tí wọ́n ń lò, jíjọra. Ère gbọ́dọ̀ jọ èèyàn, kò sì gbọdọ̀ jọ ọ́ jù. Ère ìbejì fi hàn dáadáa. Igi ìrè ni wọ́n sábà máa ń fi gbẹ́ ẹ. Ọmọ jòjòló ló kú, àmọ́ ère tí wọ́n gbẹ́ fún un jẹ́ àgbàlagbà, ó lọ́mú, ó ní ìlà ojú, irun ẹ̀ dídì. Ojú ọmọ yẹn kọ́ ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń wò nígbà tó ń gbẹ́ ẹ. Ẹni tọ́mọ náà ì bá dà ló ń wò. Nígbà tí ìyẹn yé mi, mi ò lè wo ère ìbejì bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Tẹ́nikẹ́ni bá sì ní wọn ò mọ bí èèyàn ṣe ń rí ni, kó wo àwọn orí Ifẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn dà bí ẹran ara. Kó tún wo àkó ti Ọ̀wọ̀, ère òkú ọlọ́lá, èyí tó gbọ́dọ̀ jọ olóògbé náà gan-an kí wọ́n tó gbé e jáde. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, rí orí idẹ tí wọ́n ń pè ní orí Olókun n'Ífẹ̀ ní 1910, ohun tó sọ ni pé àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ni ọgbọ́n yẹn, kò lè gbà pé àwọn baba wa ló ṣe é. Ó ṣì ń bí mi nínú títí dòní.

Pẹ́ǹtì wo ni wọ́n ń lò, kí ló dé tí iṣẹ́ kan fi ń pẹ́?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kun ilé rí ti mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá lọ ra pẹ́ǹtì, wọ́n á bi yín pé ṣé èyí tó ń po omi ni àbí olóìlì. Èyí tó ń po omi máa ń tètè gbẹ, òlóìlì máa ń dán, ó sì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni tàwọn ayàwòrán. Àkírílíìkì ni ìbátan èyí tó ń po omi, ó lè gbẹ kẹ́ ẹ tó mu tíì tán. Òìlì tiwọn, òróró kan ni wọ́n fi po àwọ̀ náà, ó lè gba ọjọ́ púpọ̀ kó tó gbẹ. Ẹni tó ń lo òìlì lè padà sídìí ojú tó yà lánàá kó sì fọwọ́ rọra pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn pọ̀ mọ́ òjìji etí. Ẹni tó ń lo àkírílíìkì ò lè ṣe ìyẹn, àmọ́ ó lè to ìpele mẹ́wàá lé ara wọn lọ́jọ́ kan. Tí ayàwòrán bá ní oṣù mẹ́ta lòun fi ya nǹkan, ó lè jẹ́ pé gbígbẹ ló ń dúró dè jù.

Bọ̀dá onísáínbọ́ọ̀dù l'Ókè-Àdó, gíráàfù ló máa ń lò tó bá fẹ́ ya ojú èèyàn. Á fi rúlà àti pẹ́ńsù fa ìlà sórí fótò kékeré náà, gbogbo ẹ̀ á di ilé kéékèèké onígun mẹ́rin. Á wá fa iye ilé kan náà sórí pákó ńlá, á sì máa gbé ohun tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan síbi tiẹ̀. Ní kékeré, mo rò pé ìrẹ́jẹ ni. Ọjọ́ tí mo gbìyànjú ẹ̀ lojú mi là, mo to gbogbo ilé náà síbi tó yẹ, ojú tí mo yà ò sì lẹ́mìí.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Wọ́n máa ń ní àwọ̀ kan gbóná, òmíràn tutù. Yorùbá tiẹ̀ rọrùn láti fi lóye ẹ̀, torí funfun, pupa àti dúdú làwọn baba wa fi pín gbogbo ẹ̀. Èyí tó jọ iná àti epo, pupa. Èyí tó jọ aró, ewé tó ṣú àti ilẹ̀ tó ti ń ṣú, abẹ́ dúdú ni. Yusuf Grillo, tó kú ní 2021, àwọ̀ aró ló fi ń ya púpọ̀ nínú àwọn obìnrin inú àwòrán ẹ̀, títí kan awọ ojú wọn. Mo ti gbọ́ tẹ́nì kan bèèrè pé ta ló rí èèyàn aláwọ̀ aró rí. Ẹ fi gèlè àdìrẹ wé orí obìnrin kan nírọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀ dáadáa.

Kí ló dé tí aládìrẹ fi ń kun ibi tí kò fẹ́ kó gba àwọ̀?

Torí pé láti òdìkejì ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ wọn. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, láfún ni wọ́n máa sè bí ẹ̀kọ, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi ìgbálẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yà á sórí aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọ ibẹ̀. Wọ́n á rì í sínú aró, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi ṣú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Tí wọ́n bá wá ha ẹ̀kọ yẹn kúrò, òpó Mápó tí wọ́n yà á yọ ní funfun-mọ́lẹ̀ láàárín aró. Ẹni tó ń ṣe é ní láti máa rí òdìkejì ohun tó wà níwájú ẹ̀, kí ó má sì ṣìṣe, láti ìgun aṣọ kan dé èkejì. Mi ò mọ ọ̀pọ̀ ayàwòrán olóìlì tó lè ṣe ìyẹn.

Ṣé àṣìṣe lè di ọgbọ́n ọwọ́?

Ó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Bruce Onobrakpeya wà lára àwọn tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ n'Íbàdàn àti l'Óṣogbo. Ní 1967, ásíìdì jẹ ihò sínú páànù síńkì tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Dípò kó jù ú nù, ó fi gọ́ọ̀mù Araldite dí ihò náà, ló bá rí i pé ojú ibi tó dí yẹn ń tẹ̀ jáde lọ́nà tí òun ò rí rí. Ó fi ṣe ọ̀nà iṣẹ́ tuntun, ó sì fún un lórúkọ, plastograph. “Iṣẹ́ yẹn ló bá mi sọ̀rọ̀” rèé láìsí àdììtú kankan.

Ìbàdàn wà nídìí púpọ̀ nínú èyí. Ní 1961, Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì kan, Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ń jókòó síbi kan náà níbẹ̀. Jacob Lawrence, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, pàtẹ iṣẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ ní 1962, ó sì padà wá ní 1964, ọjà wa ló ń yà. Ní 1962 kan náà ni Dúró Ládiípọ̀ àti Beier dá Mbári Mbáyọ̀ sílẹ̀ l'Óṣogbo. Iye ìgbà tí mo ti bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Dùgbẹ̀ bóyá wọ́n gbọ́ ọ rí, tí wọ́n sì ní rárá, ó pọ̀.

Kí ni wọ́n ń sanwó fún?

Mo fẹ́ yára kọjá níbí, torí ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ní 2018, wọ́n ta àwòrán Tutu, èyí tí Ben Enwonwu ya ọmọọba obìnrin kan láti Ifẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan àti 200,000 pọ́ùn. Inú ilé kan ni wọ́n ti bá a, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́nikẹ́ni ò mọ ibi tó wà. Pẹ́ǹtì tó wà lórí ẹ̀ kọ́ ló ń jẹ́ iye yẹn. Ẹyọ ni, ẹni tó yà á ti lọ, ìtàn sì rọ̀ mọ́ ọn.

Mo padà sí Bódìjà. Nígbà táwọn èèyàn ti ń tú ká, mo lọ bá bọ̀dá yẹn, mo bi í ní ìbéèrè kejì, pé bọ̀dá, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ojú ẹ̀ là. Ó ní kánfáàsì yẹn kì í ṣe fún iṣẹ́ kankan tẹ́lẹ̀, òun ń fi nu búrọ́ọ̀ṣì ni, ìgbà tó yá lòun rí i pé ibi tóun ń nù ún sí ti ń dà bí òrùlé. Ó wá fi àwọ̀ yẹ́lò bo gbogbo ẹ̀, ó fi èyí tó pọ́n tó sì ki lé e, nígbà tí ìyẹn ò tíì gbẹ tán, ó fi ọ̀bẹ ha á kúrò níbì kan, yẹ́lò ìsàlẹ̀ wá ń yọjú. Ó ní bí páànù ṣe ń ṣí fúnra ẹ̀ náà nìyẹn, ìpele kan lẹ́yìn ìpele kejì.

Màmá tó dúró sẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀kan ti sún mọ́ wa, ó ń gbọ́. Ó ní ṣé òun lè fọwọ́ kàn án. Bọ̀dá náà ní kò burú mà, ẹ rọra fọwọ́ kàn án níbí. Màmá fi ìka tọ́ ibi tó ha yẹn, ó dúró díẹ̀, ó wá yíjú sí ọmọ ẹ̀, ó ní páànù ilé bàbá àwọn ní Bẹẹrẹ nìyí, apá ibi tó máa ń jò.